Mọ́júbọ́lá Fa Ti Abẹ́ Yọ

Ní ọjà Ìkàrẹ́, iṣu tó gùn tó sì mọ́ lára ni wọ́n máa ń tò sókè òkìtì. Èyí tí ọkọ́ ṣá àti èyí tó ti ń rà lórí wà lábẹ́. Gbogbo ọjà ló mọ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi ojú ra ti òkè, tí wọ́n ń ru ti abẹ́ relé. Màmá Bridget, oníṣu láti Ìwàrò-Ọ̀kà tí Bridget jẹ́ orúkọ ìsàmì tiwọn, kò rà á bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì, wọ́n á fa ẹyọ kan yọ, wọ́n á fi èékánná ha orí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà bá ń pariwo, wọ́n á ní, "Èyí tí o fi pa mọ́ fún mi gan-an ni mo fẹ́ rí." Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń dá iye lé e.

Mọ́júbọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti ń bá wọn ru iṣu láti kékeré. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì Àkùngbá, kò sí ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹ̀san tó rí gbà ni àga akọ̀wé ní ilé ẹ̀yáwó kan ní Ìkàrẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi jókòó síbẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọ̀gá ní iṣẹ́ tí wọ́n á fi di ọ̀gá lé e lórí. Kò sunkún. Ó ń tọ́jú owó oṣù rẹ̀, ó sì pinnu pé òun á lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní òkè òkun.

Ìgbà tí ẹbí gbọ́ ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà, Bàbá Ezekiel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí ẹbí. Wọ́n lọ mú ejẹ́ńtì kan tó ń báni wá iléèwé ní òkè òkun wá, Hafeez, tó fi àsíá orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Hafeez ní iléèwé kan wà ní London. Mọ́júbọ́lá kò tíì kọ lẹ́tà kankan tí Bàbá Ezekiel fi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kéde pé ọmọ àwọn ń lọ sí London, tí wọ́n sì mú ọjọ́ ìdúpẹ́. Oko kòkó tí bàbá Mọ́júbọ́lá fi sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi dógò kí wọ́n lè rówó san. Kò sẹ́ni tó bi Màmá Bridget, tó ń jẹun nínú oko náà, bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mọ́júbọ́lá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́.

Ó pa ìwé aláwòrán iléèwé tí Hafeez fún un tì, ó wá àwọn tó ti jáde níléèwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ̀wé sí mọ́kànlá, mẹ́rin dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ọ̀wọ̀, sọ fún un pé òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ni kíláàsì wà, àti pé owó tí ejẹ́ńtì ń pè kò kọjá ti ìdajì ọdún. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún iléèwé ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni yunifásítì ìjọba kan ní gúúsù Íńdíà. Ilé wọn ti gbó, àwòrán wọn kò dára. Ṣùgbọ́n Aisha, ọmọ Arigidi tó jáde níbẹ̀, fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́: iye tí wọ́n kọ síta náà ni iye tó san. Owó tí Mọ́júbọ́lá ti tọ́jú sì ká a.

Ìpàdé ẹbí bọ́ sí ọjọ́ Sátidé ní Ìwàrò. Mọ́júbọ́lá kúnlẹ̀, ó sọ ibi tó yàn.

"Íńdíà?" Bàbá Ezekiel bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ṣé fíìmù lo fẹ́ lọ ṣe ni? Kí o máa sá yí igi po, kí o máa kọrin?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ti Hafeez ló pẹ́ jù.

"Òwò ni mo fẹ́ lọ kọ́, sà."

"Mo ti dúró níwájú ìjọ pe London! Ṣé kí n wá padà lọ pe ibi tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n bi Bọ̀ọ̀dá Hafeez ní nǹkan kan. Ẹni mélòó lẹ ti rán lọ síléèwé yìí?"

"Wọ́n pọ̀ jọjọ. Wọ́n ju ogún lọ."

"Ẹ bá wa pe ẹyọ kan báyìí. Kí ẹbí gbọ́ ohùn rẹ̀."

Hafeez wo fóònù rẹ̀, ó ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Godwin, ọmọ Bàbá Ezekiel, na tirẹ̀ sí i. "Tèmi ń lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Káádì wà níbẹ̀."

"Wọ́n ti sùn," ni Hafeez wí. "Òru ni lọ́hùn-ún."

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Ezekiel fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Aago méjì ọ̀sán ni.

"Hafeez," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́, "aago London àti tiwa kì í fi ju wákàtí kan lọ."

Màmá Bridget dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Ọmọ mi ti fa ti abẹ́ yọ, ó ti ha orí rẹ̀ wò. Oko ò ní dógò."

Hafeez kó àwòrán rẹ̀ sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó bẹ Mọ́júbọ́lá nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò sì dúró de ẹ̀bẹ̀ wọn. Ó mọ gbogbo wọn lórúkọ, kò sì ní gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́, Bàbá Ezekiel fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Bọ́lá, jẹ́ n kàn sọ pé òkè òkun. Kí n má dárúkọ ibẹ̀."

"Rárá, sà. Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn. Mọ́júbọ́lá dìde dúró láàárín ìjọ, ó yíjú síbi tí ohùn náà ti wá, ó dúró títí tí ibẹ̀ fi dákẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà dìde.

Ó ti wà ní Íńdíà báyìí. Oko kòkó náà wà níbi tó wà. Màmá Bridget ló ń ká a.