Orúnkún Màmá Toyoko

Ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ ńlá ni: Màmá Toyoko kì í jókòó sórí àga. Nínú ilé rẹ̀ ní Kyoto, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń jẹun, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Orí ẹní ló sì ti ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń po tíì fún àlejò, láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gùn. "Ẹwà tíì kò sí nínú ife, kò sí lórí ahọ́n. Inú orúnkún ló wà. Ẹni tí kò bá lè kúnlẹ̀ mọ́, kó gbé ife fún ẹlòmíì." Akẹ́kọ̀ọ́ kan tọrọ àpótí ìjókòó rí. Màmá ní kó máa lọ sílé oúnjẹ iwájú, pé àga pọ̀ níbẹ̀.

Àfi bí dókítà ṣe wo orúnkún Màmá fúnra rẹ̀, tó ní ìkúnlẹ̀ ti parí.

Kinuyo, àgbà akẹ́kọ̀ọ́, tó ti ń fojú wọn yàrá tí Màmá ti ń po tíì tipẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ ọ́, pé kéèyàn gbé ife fún ẹlòmíì."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Ìwọ lo fẹ́ gbà á?"

"Tí ẹ bá fi dandan lé e, Màmá, kí ni mo lè ṣe?"

"Háà, Kinuyo! Ojú ń kán ẹ tó báyìí? Wá ṣe àlejò àgbà níbi tíì ọdún tuntun. Tí o bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, yàrá di tìẹ."

Ọjọ́ pé. Àwọn àlejò kúnlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí Màmá lórí àga, tábìlì níwájú rẹ̀. Kinuyo gbé ẹ̀rín mì. Màmá náà ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀: ṣé yóò mọ iṣẹ́ láìsí orúnkún? Ọwọ́ ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn nà ṣánṣán, ọrùn ọwọ́ rọ̀, tíì hó, àwọ̀ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé àkọ́rọ̀ òjò. Kinuyo wá àṣìṣe títí, kò rí.

Àṣà wọn ni pé àlejò àgbà gbọ́dọ̀ béèrè ìtàn ife, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde títí olùgbàlejò yóò fi dáhùn tán. Kinuyo tẹríba.

"Màmá, ibo ni ife yìí ti wá?"

"O ṣeun tí o béèrè, ọmọ mi."

Màmá bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀. Ó ti orí amọ̀ bọ́ sórí òkè tí wọ́n ti wà á, ó ti orí òkè bọ́ sórí amọ̀kòkò, ó wá kan ìyàwó amọ̀kòkò, tí ìwà rẹ̀ kò dáa. Ojú Kinuyo ń yí padà.

"Ìtàn náà dùn gan-an, Màmá. Ó tó."

"A ò tíì dáná sun ife náà."

Nígbà tó parí, Kinuyo ní kí òun dìde. Ẹsẹ̀ ti kú. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì bí àpò ìrẹsì. Àwọn àlejò tó kù ò tilẹ̀ dán an wò. Wọ́n tẹjú mọ́ ìwé tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri bí ẹni pé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Màmá Toyoko nìkan ló dìde lórí àga rẹ̀, ó rọra rìn wá, ó na ọwọ́ sí Kinuyo.

Ẹ̀yin òǹkàwé, nínú yàrá yẹn, orúnkún ta ni kí a wí pé ẹwà tíì wà?