Ọwọ́ Tí Ó Gba Àsíá ní Arneiro

Sabela Outeiral kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni ó máa ń kó dání ní àràárọ̀: abẹ́rẹ́ onígi tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ fún un, ọ̀bẹ kékeré, tìmùtìmù tí yóò fi jókòó, àti búrẹ́dì àgbàdo tí ó fi aṣọ wé. Àwọ̀n ni ó ń tún ṣe ní èbúté Arneiro, iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé obìnrin nìkan ní ń ṣe é ní gbogbo etíkun náà láti ayébáyé. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n ń jókòó sábẹ́ òrùlé páànù tí ó dojú kọ omi, tí wọ́n ń tẹ́ àwọ̀n sórí itan, tí wọ́n sì ń di ihò tí àpáta ti fà ya. Láti oṣù Kẹta ọdún tí à ń wí yìí, márùn-ún jókòó pọ̀, ẹnì kẹfà jókòó lọ́tọ̀. Ẹnì kẹfà náà ni Sabela.

Kì í ṣe òun ni ó sún àpótí tirẹ̀ kúrò. Mama Herminia, tí ó dàgbà jù nínú wọn, ni ó kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀, tí ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, tí àwọn mẹ́rin yòókù sì tẹ̀ lé e. Àwọ̀n ńlá kò ṣeé dá dì. Ẹnì kan ní í fà á le, ẹnì kejì ní í dì í. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a fà á mọ́, Sabela so etí àwọ̀n mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

"Ẹ wò ó," ni Mama Herminia wí fún àwọn tí ó yí i ká, ohùn rẹ̀ sì ga tó kí ó dé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. "Ẹsẹ̀ ọkùnrin wúlò o!"

Àwọn mẹ́rin rẹ́rìn-ín.

"Mama, bàtà nọ́ńbà méjìdínlógójì ni mò ń wọ̀," ni Sabela dáhùn láìgbé ojú sókè. "Tiyín ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ ni kò kéré."

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orírun ìjà yìí gbọ́dọ̀ mọ nǹkan mẹ́ta.

Ìkínní ni pé nígbà tí wọ́n bí Sabela, ọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ó tó sọ síta ohun tí ó ti mọ̀ láti kékeré, pé obìnrin ni òun. Bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ apẹja dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ní ọjọ́ tí ó máa la ẹnu, abẹ́rẹ́ onígi kan wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Àwọ̀n wà ní ẹ̀yìnkùlé tí a kò tíì dì. Lọ bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n kọ́ ọ." Mama Herminia gan-an ni ó kọ́ ọ, nítorí pé nígbà náà, Sabela kò tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni pé Arneiro kò fẹ́ràn ohun kan láyé bí eré ọkọ̀: ọkọ̀ gígùn kan, ènìyàn mẹ́tàlá tí ń fi àjẹ̀ wà á, atukọ̀ kan tí ó dúró ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ní ṣóńṣó iwájú, lórí ìjókòó tí ó fún jù lọ, ni í fi àjẹ̀ kúkurú ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti yí padà bí wọ́n bá dé ibi àmì tí ó léfòó. Bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọkọ̀ a yí bí ẹja. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọkọ̀ a yí bí ọmọlanke. Òun náà ní í gba àsíá. Bí ọkọ̀ bá borí, iwájú rẹ̀ ni í kan èbúté, olórí ìlú a sì na àsíá sí ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Kò sí ibi tí wọ́n kọ èyí sí. Kò sì sí ẹni tí ó nílò kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé Iria, ọmọ Mama Herminia, ni ó ti jókòó síbẹ̀ fún ọdún méjì nínú ọkọ̀ àwọn obìnrin. Ní oṣù Kẹta, Delmiro tí ó ń kọ́ wọn mú aago lọ́wọ́, ó ní kí Iria àti Sabela yí ọkọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta-ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Sabela fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì yá jù ú. Iria di ẹni tí ń jókòó sí èbúté, tí ń retí kí ara ẹlòmíràn má yá.

Sabela kò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó kó ìwé ìbí tí ilé ẹjọ́ tún ṣe sílẹ̀, ó kó lẹ́tà dókítà, ó kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọdún méjì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ó bá àwọn mẹ́ta mìíràn tí ọ̀ràn wọn jọ tirẹ̀ lọ sí ìpàdé àjọ tí ń ṣàkóso eré náà ní ìgboro. Ó dìde. Ó ní, "Ọrẹ kọ́ ni a wá tọrọ. Ẹ̀yin ni ẹ kọ òfin, ẹ̀yin ni ẹ ka ohun tí a gbọ́dọ̀ kó wá. A ti kó o wá. Ó ku kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ." Wọ́n jiyàn fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pé kí wọ́n máa bá àwọn obìnrin wakọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Arneiro ti bẹ̀rẹ̀ sí sanwó òǹtẹ̀ náà padà fún un. Wọ́n da ìfun ẹja sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Ọjọ́rú méjì. Wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ sí ara ògiri ilé ọkọ̀. Ẹni tí ń ta wáìnì ní etí èbúté kò rí i mọ́ bí ó bá dúró níwájú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn méjì kì í kí i. Àwọn yòókù ń kí i bí ẹni tí ń kí agbowó-orí.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí omi ń jò sí ibi tí àwọn márùn-ún jókòó sí, Mama Herminia kò ní ibòmíràn láti gbé àpótí sí bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ Sabela. Ó jókòó, ó kẹ́yìn sí i.

"Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan, má sì fi ìwé dá mi lóhùn. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀?"

"Bàbá mi ni, Mama."

"Nínú ọkọ̀ ta ni?"

"Ọkọ̀ àwọn ọkùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí."

"O ṣeun. Ọdún yẹn náà ni mo fa Iria lọ́wọ́ lọ sí ilé ọkọ̀ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Wọ́n ní ọmọbìnrin kì í fọwọ́ kan àjẹ̀ níbí, pé kí n mú un lọ kọ́ àwọ̀n dídì. Ó di ọmọ ogún ọdún kí wọ́n tó ní obìnrin lè wakọ̀. Ọdún méjìlá ni o fi ṣáájú rẹ̀, Sabela, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n sì tì mọ́ ọn lójú ni o gbà wọlé. Kí ni ìwé rẹ wí sí ìyẹn?"

Sabela ro ó dáadáa, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń purọ́ fún ara rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ti ilẹ̀kùn."

"Ìwọ kọ́. Àmọ́ ìwọ lo jókòó."

Òjò dá. Mama Herminia gbé àpótí rẹ̀ padà sí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe àjọ̀dún Màríà ti Kámẹ́lì, nígbà tí wọ́n máa ń du àsíá ìlú, ààrẹ ẹgbẹ́ awakọ̀ Arneiro ránṣẹ́ pe Sabela àti Carme tí ó jẹ́ atukọ̀ wọn. Evaristo ni orúkọ ààrẹ náà, ará òkè tí ó fẹ́ ọmọ Arneiro, tí ó sì ń ta oògùn ní ojú pópó. Ó ka ìṣòro rẹ̀ lórí ìka.

"Olórí ìlú kò fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán òun níbi tí òun ti ń na àsíá sí ọ. Ìyẹn kan. Ọkọ̀ mẹ́ta láti ìlú mìíràn ní àwọn ó fi ẹjọ́ wa sùn. Ìyẹn méjì. Òfin ní kí o wakọ̀; wakọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá borí, ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ fi wọlé. Carme ló wà nídìí, Carme ni yóò gba àsíá. Gbogbo ayé á sì sinmi."

Carme tẹjú mọ́ ọn. "Ìdí ọkọ̀ ni kí n fi kan èbúté, Ọ̀gá Evaristo?"

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé ìdí ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ni? Àbí kí n má fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé?"

Ọdún mọ́kànlá ni Evaristo ti gbé Arneiro, òkun kò sì gbé ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọdún mọ́kànlá náà, nítorí náà kò mọ ohun tí gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ kí eyín wọn tó hù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ní í fi ìdí wọlé sí èbúté yìí: ọkọ̀ tí ó gbé òkú ẹni tí ó rì.

Nígbà tí wọ́n jáde, Carme dúró. "Jẹ́ kí n padà lọ sọ fún un."

"Má sọ fún un."

"Wọn ó fi ọ́ ṣe òkú lójú gbogbo ìlú!"

"Láti oṣù Kẹta ni wọ́n ti fi mí ṣe òkú, Carme. Jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i."

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Ọkọ̀ mẹ́rin ni ó tò lórí omi. Bí Sabela ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ni igbe ta láti orí èbúté.

"Bàbá àgbà, jáde kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ bá a wá irùngbọ̀n rẹ̀!"

"Kí ló dé tí o kò lọ bá àwọn ọkùnrin dù ú? Ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ẹnì kan ju orí sadíìnì. Ejìká Iria tí ó jókòó sí etí èbúté ni ó bà. Iria nù ún kúrò, kò sì wo ẹ̀yìn.

Sabela fúyẹ́ ju gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ náà lọ. Nínú agbára fífà, òun ni ó ṣìkẹsàn-án nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi àmì, àjẹ̀ kúkurú náà wọ omi bí abẹ́rẹ́ ti í wọ àwọ̀n, ọkọ̀ sì yí. Ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi borí ọkọ̀ ìlú Cabo Louro. Àṣà ni pé kí ọkọ̀ tí ó pàdánù na àjẹ̀ sókè láti kí ẹni tí ó borí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ àjẹ̀ tiwọn sórí omi, wọn kò sì na ẹyọ kan.

Carme fa igi ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ kẹ́yìn sí ilẹ̀. Àwọn mẹ́tàlá bẹ̀rẹ̀ sí fi àjẹ̀ ti omi, ìdí ọkọ̀ sì ń bọ̀ wá sí èbúté, díẹ̀díẹ̀.

Igbe dá. Àwọn onífèrè dákẹ́ láàárín orin. Bàbá arúgbó kan ṣí fìlà, àwọn tí ó yí i ká náà sì ṣí tiwọn. Àwọn ìyá ya àmì àgbélébùú. Ẹni tí ń fi àjẹ̀ wakọ̀ a máa kọjú sí ìdí ọkọ̀. Ní gbogbo ìgbà mìíràn, Sabela ì bá ti kẹ́yìn sí àwọn ènìyàn náà, ṣùgbọ́n lónìí ó dojú kọ wọ́n, ó sì rí ojú kọ̀ọ̀kan. Olórí ìlú tí ó jẹ́ ọmọ apẹja mú àsíá dání, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì ti ṣí. Evaristo nìkan ni ó ń rẹ́rìn-ín.

Mama Herminia ti àwọn ènìyàn sí ọ̀tún, ó tì wọ́n sí òsì. Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí wọ́n ti fi ìdí ọkọ̀ gbé Baltasar ọkọ rẹ̀ wá bá a ní ojú ibẹ̀ gan-an.

"Carme! Ta ló kú?"

"Ẹ bi ààrẹ, Mama. Òun ló ní ká wọlé báyìí."

"Mo ní ta ló kú!"

Nígbà náà ni Mama Herminia na ìka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n sókè bí wọ́n ti máa ń ka àwọn tí ó padà bọ̀ láti ojú omi: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta." Nígbà tí ó kan méjìlá, ó dúró. Ìka rẹ̀ wà ní ọ̀kánkán Sabela, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Mẹ́tàlá," ni ó wí. "Wọ́n pé. Kò sẹ́ni tó kú níbí. Ẹ yí ọkọ̀ burúkú yẹn padà!"

Wọ́n yí i. Iwájú ọkọ̀ kan òkúta èbúté. Sabela dìde, ó yíjú, ó na ọwọ́. Olórí ìlú kò na àsíá.

"Ẹ fún un," ni Mama Herminia wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. "Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n tún fi ìdí wọlé?"

Olórí ìlú fi ìka méjì na igi àsíá náà bí ẹni tí ń na ẹja tó ti rà. Sabela fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Igbe tún ta láti ìhà ibi tí àwọn Cabo Louro wà, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sabela yíjú sí Mama Herminia láti dúpẹ́.

"Má rẹ́rìn-ín sí mi," ni Mama Herminia wí. "Mi ò gbà fún ọ. Ìjókòó ọmọ mi lo wà. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe òkú."

Ní àárọ̀ Ajé, ohun márùn-ún ni Sabela kó dání: abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ, tìmùtìmù, búrẹ́dì, àti lẹ́tà tí ọkọ̀ mẹ́ta fọwọ́ sí, tí wọ́n ní kí wọ́n gba àsíá náà padà. Ọjọ́ Ẹtì ni ó gbọ́dọ̀ fèsì. Àpótí márùn-ún wà pọ̀, ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó sún ìkankan. Ó jókòó, ó so etí àwọ̀n mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń wúlò?" ni ohùn kan wí láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

"Ó ń wúlò, Mama."

"Hùn."