Àmín Tí Mo Ṣe sí Àdúrà Onífáànù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ bí ẹnu ara mi ṣe kó bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà!

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń jẹ́rìí kò tíì gbàdúrà tán, a ti ké "Àmín!" Ṣé a tiẹ̀ máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Kò kàn wá.

Brọ́dà Kúnlé ló dìde lọ́jọ́ náà. Iwájú ilé wa ní Okokomaiko ló ti ń ta fáànù àti AC. Igi máńgòrò kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni ìyá mi ti máa ń gba atẹ́gùn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Láńlọ́ọ̀dù ní igi kì í san owó ilé. Ó gé e, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ọgbọ́n ńlá! Látìgbà náà, jẹnẹrétọ̀ Brọ́dà Kúnlé ń tú èéfín gba ojú fèrèsé ìyá mi wọlé látàárọ̀ dalẹ́, kí oníbàárà lè rí i pé fáànù ń fẹ́.

Brọ́dà ní ọpẹ́ lòun wá dá. Ó ní oòrùn ọdún yìí mú dáadáa, ọjà sì tà bí kò ṣe tà rí. Ó ní kí Ọlọ́run ṣe ìlọ́po rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

"Àmín!" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Èmi náà ké e, bẹ́ẹ̀ mo ń fi ìwé ìkéde fẹ́ ara mi bí ẹni ń sun àgbàdo!

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá mi dákú nínú yàrá. A gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń sunkún lójú títì. Dókítà ní ooru ló fà á, pé ibi tó tutù ni kí wọ́n máa wà.

Ibi tó tutù dà? Ṣebí wọ́n ti gé e!

Ta ló wá kí wa? Brọ́dà Kúnlé. Ó káàánú wa gan-an. Ó ní fáànù tó ń gba ṣájì kan wà tó máa bá Màmá lára mu, òun á sì dín owó rẹ̀ kù fún wa nítorí Olúwa. Mo rà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, ara ìyá mi ti yá díẹ̀, wọ́n sì gba máìkì. Wọ́n ní kí Ọlọ́run rọ òjò ńlá, kí ilẹ̀ tutù.

Àmín ta ló ròkè jù? Ti Brọ́dà Kúnlé! Ó tún ń fò sókè! Mo ní áà, ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Sístà, ọjà mi tuntun ti dé láti Àlàbá o! Páǹpù tí wọ́n fi ń fa omi àgbàrá kúrò nínú yàrá ni. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n má dákẹ́ àdúrà!"

Lórí rédíò, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó ń mú ayé gbóná. Kí wọ́n wá bi mí! Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí ẹ tó ṣe Àmín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí aládùúrà ń tà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń ta ìpọ́njú yín padà fún yín ládùúgbò tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á tí mo bá dé. Wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ìyá mi sì ti kú. Mò ń gbé e lọ gba ṣájì lọ́dọ̀ Brọ́dà Kúnlé.