Òkè Tí A Fi Yanrìn Mọ Létí Ọ̀sà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹni tó bá mú okùn jáde láti wọn ilẹ̀ ní abúlé wa, bí ẹni tó gbé àdá wọlé la ṣe ń wò ó. Wọn kò ní bú u, wọn kò sì ní lé e. Wọn á kàn dákẹ́, wọn á máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi ká okùn rẹ̀ tán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gba Ajah kọjá lórí ọ̀dà, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé kò sí ọ̀nà mọ́tò kankan lórí ilẹ̀ tí mo ń sọ yìí nígbà náà. Yanrìn ni. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, àgbọn àti ẹ̀gẹ́ wà láàárín, àwa náà sì wà láàárín wọn. Bí a bá fẹ́ ná ọjà, ọkọ̀ àjẹ̀ la ń wọ̀. Òkè kankan kò sí. Ibi tó ga jù tí mo mọ̀ láyé ni òkìtì yanrìn tí ìgbì ń kó jọ sétí òkun, bí èèyàn bá sì fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tẹ́ nìyẹn.

Ẹ má rò pé ìwà òǹrorò la fi ń fura. A ti gbọ́ pé ní apá Èkó lọ́hùn-ún, àwọn kan wá pẹ̀lú okùn àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n mu omi àgbọn, wọ́n sì lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kátápílà dé. Láti ìgbà yẹn, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni gbogbo wa ń ṣe.

Àárín ìfura yìí ni olùkọ́ kan bá wa, ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu wa, la bá ń pè é ní Tíṣà Olókè. Lèsótò ló ti wá, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé òkè ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé wa sọ pé wàhálà ìjọba àwọn òyìnbó tó yí ìlú wọn ká ló lé e kúrò nílé, pé kò tíì lè padà, àti pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò forí lé. Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ohun tó sọ fún ọ̀gá nìyẹn.

Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kí èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò mọ ìdọ̀bálẹ̀, àtẹ́wọ́ méjèèjì ló fi ń gba ọwọ́ èèyàn mú. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, yóò da kúbùsù kan tó nípọn bora, yóò fi abẹ́rẹ́ ńlá so ó mọ́ ọrùn, yóò sì wọ̀ ọ́ wá sílé-ìwé. Ìyá bàbá mi wò ó lọ́jọ́ kan láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹni tó da kúbùsù bora lójú ọ̀sán, ó ní ohun tó ń fi bò." Ọ̀rọ̀ náà kárí abúlé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin yẹn lè fi ẹnu gbé yín lọ. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ wa. Ó sọ fún wa pé ibi tó rẹlẹ̀ jù nílùú wọn ga ju òkè Olúmọ lọ fíìfíì. Ó ní nígbà tí òjò bá ń pa àwa níbí ní oṣù kẹfà, yìnyín ló ń bọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, gbogbo òkè á funfun bí òwú. Ó ní òkúta ni wọ́n fi ń kọ́lé, koríko ni wọ́n fi ń bò ó, ilé náà á rí róbótó. Pé àwọn ọmọkùnrin tí kò ju tiwa lọ ló ń da àgùntàn lórí òkè fún oṣù púpọ̀, pé ẹṣin ni wọ́n ń gùn níbi tí àwa ti ń wọ ọkọ̀. Àwọn bàbá wọn ńkọ́? Ó ní púpọ̀ nínú wọn kì í gbélé. Wọ́n máa ń sọdá lọ wa góòlù nínú ihò ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kejì, àwọn obìnrin ló ń di ilé mú.

Ọmọ apẹja kan béèrè pé níbo ni wọ́n ti wá ń ju àwọ̀n. Tíṣà ní kò sí òkun lọ́dọ̀ wọn, pé ilẹ̀ ẹlòmíràn ló yí wọn ká yípo bí funfun ẹyin ṣe yí pupa rẹ̀ ká, àti pé ìyá òun tó ti hu ewú kò tíì rí òkun rí. A rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi fi pàṣán lu ògiri láti kíláàsì kejì.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Àwọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe. Wọ́n ní báwo ni orílẹ̀-èdè kan ṣe lè wà nínú ikùn òmíràn, báwo ni wọ́n ṣe ń jáde? Mo ní Tíṣà sọ pé wọ́n á tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó ni ìta. Bàbá mi já okùn àwọ̀n. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń purọ́ nípa ilé tirẹ̀, ìwọ ṣọ́ ohun tó wá ṣe nílé ẹlòmíràn."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Tíṣà mú okùn jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, okùn. Ó ní a máa mọ Lèsótò sórí pápá ilé-ìwé kí a lè fi ojú rí i. Ó wọn pápá síhìn-ín, ó wọ̀n ọ́n sọ́hùn-ún, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rí ìyá kan tó sọ igbá ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ tó ń wò ó, kò sì gbé igbá náà títí ó fi ṣe tán. Tíṣà pín iṣẹ́ fún wa. Àwọn kan á ru amọ̀ wá láti etí ọ̀sà, àwọn kan á ṣa ìkarahun tí a máa fi ṣe ilé, àwọn kan á lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná fún yìnyín. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí mo sì fẹ́ràn ọkùnrin náà bí ẹni pé òun ló bí mi, èmi ló ní kí n wá ohun tí a máa fi ṣe ààlà.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi. Igi ṣákálá ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kí ni ààlà? Pèrègún ni. Pèrègún kì í kú, ikán kì í jẹ ẹ́, ojú ẹlẹ́rìí la sì ń gbìn ín. Ibi tí pèrègún bá dúró sí, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Bàbá mi àti bàbá kan tí oko àgbọn rẹ̀ bá tiwa pààlà ti bá ara wọn jà fún ọdún mẹ́ta, ọdún tó ṣáájú ni Baálẹ̀ parí rẹ̀, tí wọ́n gbin pèrègún tuntun lójú gbogbo èèyàn. Mo mọ gbogbo èyí. Mo kàn rò pé ó pọ̀ níbẹ̀ ni, pé bí mo bá mú mẹ́jọ, èyí tó kù á ṣe é. Mo sì fẹ́ kí ààlà Tíṣà jẹ́ ojúlówó. Bí mo ṣe ń lọ pọnmi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo yà sóko, mo hú u. Yanrìn kì í di gbòǹgbò mú.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Lèsótò ti dúró. Ẹ wo òkè! Ó tó mi láyà. Odò wọn ńlá sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ó gba ilẹ̀ wọn já, ó sì wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn lọ sí òkun tí àwọn tó ni ín kò ní dé. Ṣọ́ọ̀kì funfun wà lórí, pèrègún mi sì yí i ká, àwọn igi kékeré la fi dí àárín wọn. Tíṣà fi ọwọ́ kan orí mi. Ìwúrí ọjọ́ yẹn kò tó ọjọ́ méjì.

Àwọn tó kọjá lọ fa àwọ̀n rí i, wọ́n sì gbé e délé. Ẹni kan ní ojúbọ ni, ẹ ò rí ẹfun lórí rẹ̀? Òmíràn ní ojúbọ kọ́, ilẹ̀ ló gbà, ó ti fi pèrègún sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a tó kọrin tán, àwọn àgbà ti dé, Baálẹ̀ ló ṣáájú. Bàbá mi wà láàárín wọn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Tíṣà rò pé wọ́n wá wo iṣẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí òkè yìí, sí àfonífojì yẹn, ọ̀gá sì ń túmọ̀. Ẹnì kan ní, "Ẹ máa wò ó, ó ń fi ibi tó máa gbé bàlùwẹ̀ sí hàn wá."

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tíṣà, ilẹ̀ tí a fún ilé-ìwé, kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ni. Ta ló ní kí ẹ gbin pèrègún sí i?"

Kó tó dáhùn, bàbá tó ni oko àgbọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá igi kan, ó fi ọwọ́ yọ yanrìn ìdí rẹ̀. Ó ní òun mọ pèrègún yìí, òun lòun fọwọ́ ara òun gbìn ín, àná lòun sì dé oko tí òun rí ihò mẹ́jọ. Ìyókù lẹ lè fojú inú rí. Ariwo ta. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí Tíṣà di ẹrù rẹ̀, kó wọ ọkọ̀ tó ń lọ ọjà ní ọ̀tunla. Tíṣà wo ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

Èmi náà ń wo ilẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo wá rántí pé ọkùnrin yìí kò ní ilé tó lè padà sí. Mo jáde síwájú láàárín àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo hú u."

Bàbá tó ni oko àgbọn bojú wẹ̀yìn. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi sà."

"Ọmọdé kì í dédé hú ààlà." Bàbá mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi. "Wọ́n fi Tíṣà bojú ni, kí wọ́n lè sún ààlà."

Ẹ ò rí i? Òtítọ́ tí mo sọ, ó sọ ìfura kan di méjì. Ojú bàbá mi dúdú. Wọ́n bi mí lójú gbogbo èèyàn pé kí ló dé tí mo ṣe é. Mo ní Tíṣà ní kí n mú ohun tó ń fi ààlà hàn wá, pé pèrègún nìkan ni mo mọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wò mí pẹ́, wọ́n wá kọjú sí Tíṣà, wọ́n ní kí ni òkìtì yanrìn fẹ́ fi ààlà ṣe.

Tíṣà kúnlẹ̀. Ó fi ìka tọ odò kékeré kan lápá ìwọ̀-oòrùn, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀gá ń tẹ̀ lé e. "Òdìkejì odò yìí ni oko àwọn bàbá wa. Ibẹ̀ ló tẹ́jú, ibẹ̀ ni àgbàdo ti ń ṣe dáadáa. Àwọn àlejò dé, wọ́n ní kí a jẹ́ kí màlúù wọn jẹko díẹ̀. Àwọn bàbá wa gbà. Nígbà tó yá, wọ́n mú ìwé tí wọ́n fa ìlà sí wá. Òkè ló kù sọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ ọmọdé ní ààlà kí n tó kọ́ ọ ní òkè."

Baálẹ̀ béèrè pé ṣé ẹnì kan nínú àwọn bàbá wọn tẹ̀ka sí ìwé náà. Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí ó má lọ mọ́. Wọ́n ní kí bàbá mi àti ẹnì kejì wọn lọ tún pèrègún gbìn lójú òun. Èmi ni mo ń na igi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí bàbá oko àgbọn fi kú, ó gbà pé ààlà náà fi ẹsẹ̀ kan wọ tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tíṣà lọ bá àwọn àgbà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ya gbogbo ilẹ̀ abúlé sínú ìwé fún wọn, ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, láti òkun dé ọ̀sà, kí wọ́n lè ní tiwọn lọ́wọ́ bí ẹlòmíràn bá mú tirẹ̀ dé. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n ní, "Ìwé ló gba ilẹ̀ baba yín. Ẹ tún wá fẹ́ ká ṣe ìwé?" Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ́gbọ́n nínú. Tíṣà dúpẹ́, ó lọ. Ó kọ́ wa títí ọdún fi parí, kò sì mú okùn jáde mọ́.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí àwọn tó ní ìwé wá dé nígbẹ̀yìn, wọ́n wọ táì, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń pe Baálẹ̀ ní Bàbá. A gbé àga fún wọn. Wọ́n béèrè ìwé wa, a fi pèrègún hàn wọ́n, wọ́n ní ó rẹwà. Òpó kọnkéré kúkurú ni wọ́n rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ògiri dé.

Bí mo bá fẹ́ rí òkun báyìí, ẹnu géètì ni mo ń gbà. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ máa ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á wo àpò ọwọ́ mi, á ní, "Mama, ta lẹ fẹ́ rí?" Mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kò gbà mí gbọ́. N kì í bínú sí i, torí ojú tó fi ń wò mí yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń dúró dè é nínú oòrùn, títí yóò fi lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni inú.