Ojú Màmá Lára Àbẹ́là

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Bàbá Eléyín, kì í ṣe pé eyín tirẹ̀ yọ síta, iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, á kọ́kọ́ fi ìda mọ eyín náà, á fi ọ̀bẹ tín-ín-rín fá a títí yóò fi bá ẹnu ẹni tó ni ín mu. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ wálé, ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kò sí ohun tí kò fín.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kárọ́ọ̀tì ni mo ní kí ẹ bá mi bó. Èwo ni ti etí ehoro yìí?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí, tó ń sin oyin, ló kó o yọ. Lẹ́yìn tó fún oyin tán, ó gbé afárá tó ṣẹ́ kù wá fún un nínú garawa. "Ẹ wò ó bóyá yóò wúlò. Ńṣe ni mò ń dà á nù."

Bàbá Eléyín fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìda ibi iṣẹ́ kì í ta sánsán báyìí. Ó yọ́ ọ nínú abọ́ tó gbé sínú omi gbígbóná, ó fi aṣọ sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀, ó na òwú sí àárín páìpù tó gé, ó sì dà á sí i. Àbẹ́là náà pọ́n fòò, ó dùn-ún wò, àmọ́ ó là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà là. Kí ló fà á? Ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn, ó sì rí i pé fáànù ló ń mú un yára tutù. Ó wé òmíràn sínú táwẹ̀lì. Kò là mọ́. Ó tún rí i pé bí ìda bá tutù tán, fífọ́ ló máa ń fọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n bó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọ̀bẹ á máa rìn geere.

Ó fín ewé, ó fín ẹja, ó fín ẹyẹ. Ìyàwó rẹ̀ yẹ ẹyẹ náà wò dáadáa.

"Bàbá wọn, ẹyẹ yín ní eyín."

Òótọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé a ti fẹ̀yìn tì ni," ni ọkọ wí.

Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí ìyàwó lè sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. "Ṣé ẹ lè fín Màmá?"

Màmá ni ìyá tó bí i, tó ti di olóògbé. Bàbá Eléyín ló ṣe eyín tí màmá náà fi jẹun títí tó fi lọ, nítorí náà kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹnu rẹ̀: bí ètè òkè ṣe tẹ̀ díẹ̀, bí àgbọ̀n ṣe ká sínú. Kò pẹ́ rárá tó fi fín ìyẹn. Nígbà tó dé ojú, ọ̀bẹ dúró.

"Báwo ni ojú wọn ṣe rí gan-an?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ògiri. "Ojú Màmá… ó dáa."

"Mo mọ̀ pé ó dáa. Ṣé ó tóbi ni, àbí ó jìn sínú?"

Kò lè sọ. Nínú fọ́tò tó wà lára ògiri, jígí dúdú ló bo ojú Màmá. Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí wọn," ni ó wí, "èmi ni wọ́n máa ń wò."

Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ. Ó ń tún àpótí oyin kan ṣe lẹ́yìn ilé, àwọ̀n ṣì wà lójú rẹ̀. Wọ́n bi í bí ojú Màmá ṣe rí. Ó ká àwọ̀n náà sókè, ó ń ronú, ó sì rọra dijú díẹ̀ nítorí oòrùn. Ìyàwó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa ronú lọ."

Bàbá Eléyín ti fa ọ̀bẹ àti àbẹ́là tó ń fín lọ́wọ́ yọ nínú àpò; oòrùn ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí òfìfo, ó ń béèrè bóyá imú òun náà ò ní wúlò fún wọn.

Nígbà tí àbẹ́là náà parí, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé e sí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tàn án. Ṣùgbọ́n ọkàn Bàbá Eléyín kò kúrò níbẹ̀. Ṣé ojú náà yóò yọ́ dànù ni? Kò jẹ́ bi ìyàwó rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò sọ ilé di òkùnkùn, ìyàwó fúnra rẹ̀ gbé àwo sábẹ́ rẹ̀, ó mú ìṣáná.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ni ọkọ bi í.

"Rárá. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Òwú náà kéré, nítorí náà àárín nìkan ni iná ń jẹ. Ó rì sẹ́yìn iwájú orí, ara ìta kò yọ́. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀bẹ ti fá ojú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ yọ níbẹ̀, gbogbo ojú Màmá sì tàn láti inú wá. Òórùn oyin gba yàrá. Iná sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ẹnu.

Ìyàwó tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀yin lẹ mọ ẹnu yìí. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín ni?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí mo bá bi wọ́n bóyá eyín ń dùn wọ́n. Wọn kì í dáhùn."

"Ṣé ó ń dùn wọ́n lóòótọ́?"

"Mi ò mọ̀. Mo ṣáà máa ń fá a díẹ̀ sí i."

Ìyàwó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n tún máa ń bá yín sọ nínú yàrá yẹn?"

Bàbá Eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un.