Fíúsì Tí Kò Yéé Já

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń rùn, ẹ wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Festac lásìkò òjò. Kòtò kan wà níbẹ̀, abẹ́ fèrèsé yàrá màmá mi gan-an. Omi ilẹ̀ ń sun sínú ẹ̀, omi ìfọṣọ àwọn tó ń gbé òkè náà ń gba ọ̀pá kan já sínú ẹ̀. Tó bá kún, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, á dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá. Omi dúdú, ọ̀rá ọṣẹ lórí ẹ̀, ìdin nínú ẹ̀. Ṣíọ̀! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ń bù máṣọ.

Èmi àti màmá la jọ ń gbé níbẹ̀. Lẹ́yìn tí omi náà ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Ìbàdàn, sọ ọ́ láìfi bò pé bí ó bá tún wọlé, òun á wá kó màmá lọ sọ́dọ̀ òun. Màmá ò fẹ́. Inú fúláàtì yẹn ni wọ́n ti tọ́ wa, ibẹ̀ ni bàbá wa kú sí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà kú síbí," ni wọ́n ń wí fún àwa méjèèjì. Ìdí tí mo fi ra pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì mọ́tò nìyẹn, torí ta ló máa gbọ́kàn lé iná ìjọba? Mo rì í sínú kòtò kó máa fa omi náà dà sí gọ́tà ìta.

Fíúsì kan wà lára wáyà tó so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì. Ike pẹlẹbẹ ni, bíi ti inú mọ́tò, irin tín-ín-rín kan wà láàrin ẹ̀. Bí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù, irin yẹn á yọ́, á já, kí wáyà má baà gbiná. Nọ́ńbà orí fíúsì ló ń sọ bí iná tó máa gbà ṣe máa pọ̀ tó kó tó já. Ìwé tó bá pọ́ǹpù wá ní tẹ́ẹ̀nì ni kí n lò, wáyà ẹ̀ náà ò sì lè gba tó ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, àbí?

Kò tán o. Fíúsì já. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tún já. Mo gba Mazamaza lọ sọ́dọ̀ alhájì kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò. Wọ́n ní, "Àǹtí, tẹ́ẹ̀nì kẹ̀? Ẹ gbé tátì lọ jàre, ìyẹn ò ní já láéláé."

Mo ní, "Alhájì, tí wáyà bá wá ń jó ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo èèyàn ṣe ń lò ó nìyẹn."

Kò sí gbólóhùn tí mo kórìíra tó ìyẹn ní gbogbo Èkó. Gbogbo èèyàn náà ló ń tọ̀ sára ògiri! Mo ra tẹ́ẹ̀nì, mo bá tèmi lọ. Mo délé, ẹ̀gbọ́n mi pè, ó ní kí n fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti já, pé kò ní já mọ́. Bébà sìgá! Lábẹ́ fèrèsé tí ìyá ẹ̀ ń sùn sí! Mo pòṣé, mo gé fóònù.

Lójú tèmi, bí fíúsì tó yẹ bá ń já, a jẹ́ pé nǹkan kan ló ń fún pọ́ǹpù lọ́rùn. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fà á jáde. Àkísà ni! Ó dúdú, ó ń yọ̀, ó ti lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù, òórùn ìtọ̀ tó ti kan bíi ti abẹ́ bíríìjì Máìlì Tú ń bù tìì lára ẹ̀. Èébì gbé mi. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi igi gbé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó di orí àtẹ̀gùn.

Ìyàwó kékeré kan ló ń gbé òkè wa, ó ní ọmọ ọwọ́. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀ gbàgbàgbà. "Ṣé inú kòtò wa lo rí ju àkísà ìdí ọmọ sí?"

Ó ní, "Àǹtí, pámpàs lọmọ mi ń lò, àwọn akólẹ̀ ni mo sì ń kó o fún. Mo fi Jésù búra."

Mo ní kó fi Jésù sílẹ̀, kó lọ fọ ọwọ́ ẹ̀. Mo ní abájọ tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Mo bú u lójú ọkọ ẹ̀ àti gbogbo ará bílọ́ọ̀kì títí ó fi bú sẹ́kún, àánú ẹ̀ ò sì ṣe mí rárá. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Kò pẹ́ tí fíúsì tún já. Mo fa pọ́ǹpù jáde, àkísà mìíràn ló tún lọ́ mọ́ ọn. Òjò ti ṣú dùdù, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní màá fọ àkísà náà kí n lè fi ṣe ẹ̀rí níwájú alága bílọ́ọ̀kì. Mo da ọṣẹ lé e, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó. Ìdọ̀tí ń lọ, àwọ̀ ń yọ. Ańkárá búlúù, ẹyẹ funfun lára ẹ̀. Èmi ni mo rà á fún màmá mi. Wọ́n ti fà á ya, wọ́n ti ká a pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ṣe ń ká àkísà nǹkan oṣù.

Mo gbójú sókè. Màmá wà lójú fèrèsé.

"O ti rí i," ni wọ́n wí. "Mi ò lè mú un dúró mọ́. Kí n tó dé ilé ìtọ̀, ó ti dà." Wọ́n di irin fèrèsé mú. "Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Tó bá gbọ́, á kó mi lọ, ìyàwó ẹ̀ lá sì máa nù mí nídìí."

Mi ò ní purọ́, ó rí mi lára. Ọwọ́ mi ń rùn, ìyá tó bí mi ló sì ń wò mí. Ojú tì mí pé ó rí mi lára.

Mo fi tẹ́ẹ̀nì tuntun sí i. Pọ́ǹpù fa omi títí kòtò fi gbẹ, fíúsì ò já. Mo ra pámpàs àgbàlagbà, mo kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, àwa méjèèjì ò sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Sátidé, ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Àmọ́ ará bílọ́ọ̀kì kan ti sọ fún un lẹ́nu géètì pé àwọn ará òkè ń ju àkísà ìdọ̀tí sórí ìyá ẹ̀. Kó tó jókòó, ó ti gun àtẹ̀gùn. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ìyàwó kékeré náà ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ ẹ̀ mọ́yà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, èmi kọ́ o!"

"Ta wá ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo. "Ta ló ń jù ú?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Àkísà kí ni?"

"Àkísà mi ni. Èmi ni mò ń jù ú síbẹ̀."

Ìyàwó náà wò mí látòkè délẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó gbá ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀gbọ́n mi kàn rọra sún kúrò lára mi.