Màámi Fòfin De "A Dúpẹ́"

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí Màámi ti fòfin de ọ̀rọ̀ kan nílé mi. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ojú ń ti ọmọlúàbí láti sọ. "A dúpẹ́" ni. Láàárọ̀, tí wọ́n bá bi mí bóyá mo jí dáadáa, mi ò gbọdọ̀ fi dá wọn lóhùn. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ bí ara ṣe rí, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà mo lè dúpẹ́ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Àlejò kan sùn sílé wa lọ́dún tó kọjá, ó gbọ́ bí a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé Ọlọ́run á bínú sí wa.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: ará Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mí, mo ń ta páàtì fáànù àti ti pọ́ǹpù omi ní Alábà, mo sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ní Ìbà Housing Estate. Sùúrù kò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Tí oníbàárà bá ra páàtì tí kò bá fáànù rẹ̀ mu, tó wá ń sọ pé èmi ni mo ṣì í mú fún un, gbogbo ará ọjà ló máa gbọ́ ohùn mi. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí àga ni mo máa ń wà. Míńírà tútù ni mo fi ń pa òùngbẹ, mo sì máa ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ kí n tó tọ́ ọ wò. Oorun ńkọ́? Tí mo bá sùn fún wákàtí mẹ́rin, mo ti ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ bi mí nígbà náà bóyá ara le, ẹ ò bá ti gbọ́ a dúpẹ́ kí ẹ tó parí ìbéèrè.

Màámi gan-an ni mo kọ́kọ́ bínú sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlaròó ni wọ́n ń gbé nígbà náà, àwọn nìkan, láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo máa ń pè wọ́n lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n sì ń sọ fún mi pé a dúpẹ́. Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wọn pè mí, ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí Màámi ti yọ̀ ṣubú létí kànga, tí wọ́n sì ń tiro kiri. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí mo fi ń gbọ́ a dúpẹ́ lórí fóònù. Inú bí mi débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu. Mo lọ gbé wọn wá lọ́jọ́ kejì, mo sì ń bá wọn jà láti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra títí a fi dé ẹnu géètì ẹ́stéètì wa.

Ibùdó ìlera kan wà tí kò jìnnà sí wa. Mo mú wọn lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá, ọ̀dọ́bìnrin tó lè jẹ́ ọmọ mi, bi Màámi pé báwo ni ara. Wọ́n ní a dúpẹ́. Ó ní ṣé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n ní àìsàn ò ní jẹ́ tiwa. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn tó wú, ojú wọn fún pọ̀, wọ́n sì tún ní a dúpẹ́. Èmi ń mí kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, Màámi fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n ní kò sí ohun tó máa fún àwọn lápá. Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè. Mo ní kó kọ́kọ́ wọn tèmi, kí ìyá yìí lè rí i pé kì í jẹni.

Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó wo nọ́ńbà tó jáde. Ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n jókòó, kí n sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá gbójú sókè.

"Dádì, báwo ni ara?"

"A dúpẹ́."

"Mi ò kí yín, sà. Mò ń bi yín ni."

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá bi ọ́ bóyá ara le, ó kí ọ ni, ìkíni sì ní èsì tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ka àìsàn rẹ̀ fún ẹni tó kí i kò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò dáa. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ẹ̀kọ́ yẹn dé iwájú nọ́ọ̀sì. Mo wá sọ fún un pé orí ń fọ́ mi láràárọ̀, pé tí mo bá gun àtẹ̀gùn lọ́jà, èémí mi kì í tó mọ́. Ìyàwó mi kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Màámi jókòó síbẹ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀, nígbà tí mo parí, wọ́n na apá wọn sí nọ́ọ̀sì. Tiwọn dára. Ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún dára ju ti ọmọ wọn lọ.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára mi. Ó kọ oògùn tí màá máa lò lójoojúmọ́, yálà ara yá tàbí kò yá. Nọ́ọ̀sì fi tirẹ̀ kún un pé kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa sùn, kí n máa rìn, kí n sì dín ariwo tí mò ń pa lọ́jà kù. Mi ò mọ ẹni tó sọ ti ariwo fún un, àfi tó bá jẹ́ Màámi.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, nígbà tó ku díẹ̀ ká délé, Màámi yíjú sí mi.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá rẹ lọ," ni wọ́n wí, "mo bi í bóyá ó jí dáadáa. Ó ní a dúpẹ́. Mo rí i tó ń di orí mú. Ṣùgbọ́n ó ti ní a dúpẹ́, mi ò bi í mọ́."

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ṣubú sí lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó kan àtàrí, wọn kò sì dìde mọ́. Gbogbo wa la sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ aráyé ni. Àbúrò bàbá mi kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lóṣù yẹn, òun la di ẹ̀bi náà rù, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ni mi ò fi kí i. Mo jókòó nínú kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́, ojú tì mí gan-an. Ẹ̀rù sì bà mí, nítorí ọjọ́ orí tí bàbá mi fi kú, ó ku ọdún méjì kí èmi náà dé e.

Ọjọ́ kejì ni òfin bẹ̀rẹ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màámi ní yàrá wọn, wọ́n bi mí bóyá mo jí dáadáa. Mo la ẹnu, wọ́n ní rárá, èyí tó fẹ́ jáde yẹn, kí n gbé e mì. Mo ní kò burú. Wọ́n ní ìyẹn náà ò wọlé. Mo ní Ọlọ́run ń ṣe é.

"Ọlọ́run mọ̀ bó ṣe ń ṣe é," ni wọ́n wí. "Èmi ni mi ò mọ̀."

Èmi ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ka ara mi bí ọmọ tó ń ka ábídí: orí wúwo díẹ̀, ojú dára, ẹsẹ̀ wú. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á na oògùn sí mi pẹ̀lú omi, wọ́n á sì máa wo ọ̀fun mi títí màá fi gbé e mì. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń bẹ̀ mí kí n lọ yẹ ara mi wò, àṣé ẹni tí mo bẹ̀rù ló kù kó dé.

Màámi gba ilé ìdáná náà. Iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ débi pé àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Màámi wá fi kún irú, wọ́n fi kún ewébẹ̀ àti ata, nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ahọ́n wa ti gbàgbé. Ọjọ́ kan tí mo jẹun lóde ní Okokomáíkò, iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà pọ̀ lẹ́nu mi débi pé mo béèrè omi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrìn ló wá mú wàhálà wá. Ìdajì wákàtí láràárọ̀, kí n sì máa yára: bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wí. Ó rọrùn láti gbọ́. Ṣùgbọ́n ládùúgbò wa, ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mi ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, mò ń yára lọ sí ọ̀nà Ìyànà Ìbà, gbogbo ẹni tó rí mi ló ń bi mí pé ṣé kò sí. Bàbá onílé kan, ọmọ bíbí Ìbà tó mọ̀ wá dáadáa, pè mí láti orí bèǹṣì iwájú ilé wọn. Mo tẹrí ba, mi ò dúró. Kí n tó yí padà délé, wọ́n ti jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n ń sọ fún ìyàwó mi pé kò sí tọkọtaya tí kì í jà, kó ṣáà jẹ́ kí n wọlé. Màámi ló wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n fún mi ní báàgì ọjà kan tó ṣófo pé kí n máa gbé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, wọ́n rò pé mò ń lọ ra nǹkan ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màámi san, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jáde.

Kì í ṣe ti ara nìkan ni wọ́n ń béèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti ka orí ka ẹsẹ̀ tán, wọ́n ní inú ńkọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó pe àbúrò bàbá mi. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, wọ́n bi mí bóyá ara le. Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru náà fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n ní àwọn náà ti ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ọdún kẹfà rèé, pé ohun tó ṣe ìyá àwọn náà nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n ṣáà máa lo oògùn mi. Mo sunkún lẹ́yìn ìsọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún ẹni tó rí mi pé eruku ló kó sí mi lójú.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, ìwà kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Nígbà tó tó bí ọdún kan, ara mi yá gan-an, mo rò pé mo ti bọ́. Màámi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fún ọ̀sẹ̀ méjì, ni mo bá pa oògùn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, mo jí, orí mi wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, ìka ọwọ́ òsì mi kò sì mọ nǹkan lára. Ẹrù mi ń bọ̀ ní Alábà láàárọ̀ náà, mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó lè bá mi gbà á. Bí mo ṣe ń lọ sí yàrá Màámi, mo ti pinnu pé màá ní ohun gbogbo dára, màá sì bọ́ sọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bi mí. Mo wo ẹsẹ̀ wọn lórí ẹní, mo sì rántí bàbá mi tó ń di orí mú.

"Màámi, orí ń fọ́ mi láti àná," ni mo wí. "Ọwọ́ òsì mi ti kú. Mi ò lo oògùn látìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Wọn kò bú mi. Wọ́n wé gèlè, wọ́n pe ìyàwó mi, wọ́n sì di apá mi mú títí a fi dé ibùdó ìlera. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, mo sì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Dókítà sọ fún ìyàwó mi pé ká ní mo lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbígbé ni wọ́n á gbé mi padà. Ìka mi bọ̀ sípò. Ẹrù ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi ló bá mi gbà á, kò sì sí èyí tó sọnù níbẹ̀.

Ọdún méjì ti kọjá lórí ìyẹn. Mo ti ré kọjá ọjọ́ orí tí bàbá mi fi lọ. Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n máa lọ, ẹlòmíì ń dúró. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ ọ́ fún Màámi nígbà tí mo délé, wọ́n kàn mi orí, wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń rìn lọ, kẹ̀kẹ́ kan kọjá lápá òsì wọn, ó sún mọ́ wọn gan-an, wọn kò sì yà fún un. Mo ti la ẹnu láti bú onítọ̀hún. Màámi fọwọ́ kàn mí.

"Ojú òsì mi kò ríran dáadáa mọ́," ni wọ́n wí. "Ó ti tó ọdún méjì."

Mo dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí ìyá mi fi ẹnu ara wọn sọ pé nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ láti ìgbà náà.

"Nígbà tí mi ò mọ̀ bóyá o máa wà," ni Màámi wí, "ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo kọjá sí apá òsì wọn, mo di ọwọ́ wọn mú. A ò yà sílé mọ́, a gba ọ̀nà ibùdó ìlera lọ.